Ẹ̀wù Etù Ògúntúyì

Bí o bá gbé aṣọ tuntun lọ bá Lìádì aránṣọ ní Ìrókò láyé ìgbà náà, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, èyí tó wà nílé ńkọ́? Ìbéèrè yìí máa ń bí àwọn ènìyàn nínú. Ẹni tó ti ta iṣu, tó ti ta ẹ̀gúsí, tó wá fẹsẹ̀ rìn dé Ìbàdàn lọ ra aṣọ òyìnbó, kí ló kan aránṣọ nínú àlòkù rẹ̀? Ṣùgbọ́n Lìádì kò fi ṣeré. Lójú tirẹ̀, aṣọ kì í kú, ó kàn máa ń pààrọ̀ iṣẹ́ ni. Ìró ìyá á di bùbá ọmọ, bùbá á di tòbí, tòbí á di ìlédìí, èyí tó bá sì gbó kọjá ìyẹn á di òṣùká. Wọ́n a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ kan Lìádì yóò tú awọ ara rẹ̀, yóò yí i padà, yóò sì tún un rán.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò jàǹfààní ọgbọ́n yìí ni Mùjíbátù, ìyàwó rẹ̀. Etí ìró tó fi ń lọ sóko ti ya láti ọdún tí ọkọ̀ ojúirin dé Ìbàdàn, ojoojúmọ́ ni ọkọ rẹ̀ sì ń sọ pé òun yóò bá a gán an. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ló máa ń gba iwájú. Obìnrin náà kò bá a jà. Ó so etí ìró náà ní kókó, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́wọ́ ará Ìlọrin kan tó ń gbé Ìbàdàn ni Lìádì ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí ogun Kíríjì ń parí lọ. Abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ ni gbogbo ohun èlò wọn. Ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ pé aṣọ òfì kì í ṣe ohun tí à ń sáré ki àlùmọ́gàjí bọ̀. Ní fọ́nrán tóóró tóóró ni ahunṣọ ń hun ún, aránṣọ ló ń so fọ́nrán mọ́ fọ́nrán tó fi ń di aṣọ. Ohun tí a so pọ̀, a lè tú u. Ohun tí a bá gé, ó gé náà nìyẹn. Yàtọ̀ sí ìrun márààrún, n kò rò pé ohun kan wà tí Lìádì gbà gbọ́ tó èyí.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Ògúntúyì, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lọ́nà odò. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń rìn. Ọ̀kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, èkejì ń bọ Ògún, kò sì dí wọn lọ́wọ́. Bí Iléyá bá dé, Ògúntúyì á jẹ ẹran àgbò débi pé yóò tú okùn ṣòkòtò. Bí ọdún Ògún bá dé, Lìádì á lọ jẹ iṣu níbẹ̀, á sì ṣe bí ẹni tí kò rí ajá.

Ọdún kejì tí Lìádì gba òmìnira iṣẹ́ ni Ògúntúyì gbé ẹrù aṣọ kan dé. Etù ni, dúdú bí aró tó jinná, tí ìlà funfun tín-ín-rín là á já. Ìkórè mẹ́ta ló fi kó o jọ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ahunṣọ kan tó ń ti Ìṣẹ́yìn wá. Dàńdógó ló fẹ́, ẹ̀wù ńlá alápá gbẹ̀ǹgbẹ̀, kí ó lè jókòó láàárín àgbà kí ojú má tì í. Inú Lìádì dùn, àyà rẹ̀ sì já, nítorí kò tíì dá iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Ó rán an títí, ó wá rí i pé fọ́nrán méjìdínlógójì ló wà nílẹ̀, mọ́kàndínlógójì ni ẹ̀wù náà yóò gbà. Ààyè kan ṣófo níbi àyà òsì. Ahunṣọ ti lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò tún gba ọ̀nà yẹn.

Mùsílímátù, ìyá Lìádì, ń gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì yìí ti ń dárò lójúde. Ó wọlé lọ gbé ìró etù tirẹ̀ jáde, èyí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ran òwú rẹ̀, ó jókòó, ó tú fọ́nrán kan kúrò létí rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbà. Ìró mi ṣì máa ká mi. N ò sanra tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Òwú fọ́nrán náà ki ju ti ìyókù lọ, aró rẹ̀ sì ti ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè rí i. Ògúntúyì mọ̀. Bó bá wọ ẹ̀wù náà, tó sì pàdé ìyá yìí, yóò na ọwọ́ sí àyà òsì, yóò ní, "Ìyá, ẹ ṣì ń bá mi rìn." Kò sì sí ọjọ́ tó wọ̀ ọ́ tí kò ní í gba iwájú ilé Lìádì kọjá, bí ibi tó ń lọ tilẹ̀ wà lódìkejì ìlú. Yóò da apá ẹ̀wù sórí èjìká, yóò ní, "Aránṣọ, iṣẹ́ rẹ ń kọjá lọ o." Lìádì á ní kí ó máa lọ, kí ó má ba òun lọ́wọ́ jẹ́. Irọ́ ni. Bí kò bá kọjá, kò ní í lè ṣiṣẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe di àgbà. Ìyá Lìádì kú, ìró rẹ̀ bá a lọ sínú ilẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àìsàn dá Ògúntúyì náà wólẹ̀ nígbà òjò. Àbíkẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Akínyẹlé, ló wá tọ́jú rẹ̀. Lìádì ń lọ jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kan, Ògúntúyì nawọ́ sí ẹ̀wù etù tó wà lórí okùn.

Ó ní, "Lìádì, má jẹ́ kí ó túká."

Lìádì ní, "Kò ní í túká."

Ọjọ́ kẹta ẹ̀ ni Ògúntúyì papò dà.

Nígbà tí wọ́n ṣe òkú tán, tí àkókò ogún pínpín tó, ìdí méjì ni wọ́n pín in sí, nítorí ìyàwó méjì ni bàbá náà fẹ́. Ọdẹkúnlé, àkọ́bí ọkùnrin, ni olórí ìdí kìn-ín-ní, ó ní àbúrò mẹ́rin lẹ́yìn. Àbíkẹ́ nìkan ló wà ní ìdí kejì, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Wọ́n pín oko, kò sí ariwo. Wọ́n pín ìbọn àti igi obì, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wá kan ẹ̀wù etù. Ọdẹkúnlé ní òun ni àkọ́bí, ọrùn òun ló tọ́ sí. Àbíkẹ́ ní òun ló gbé bàbá jókòó, òun ló gbé e dìde, òun kò sì béèrè nǹkan mìíràn. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe aṣọ ni wọ́n ń jà lé lórí. Bàbá wọn ni wọ́n ń wá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè fẹnu sọ ọ́.

Bàbá Èṣùbíyìí, ẹ̀gbọ́n olóògbé àti olórí agbo ilé, gbọ́ ẹjọ́ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó sú u. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pín ẹ̀wù náà sí méjì. Ó rò pé ojú á tì wọ́n ni. Ojú kò tì wọ́n. Ọdẹkúnlé dìde lọ mú ọ̀bẹ.

Lìádì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ olóògbé. Kò mọ ìgbà tí òun dé àárín wọn, tí òun gba ẹ̀wù náà mọ́ra. Ó ní, "Aṣọ tí a rán, títú là ń tú u. Bí ẹ bá máa pín in dandan, ẹ gbé e fún mi."

Odidi ọjọ́ méjì ló fi tú u lórí ẹní nínú agbo ilé náà. Kò sí òwú kan tó fà yọ tí kò rántí ọjọ́ tó fi í rán an. Ó mọ̀ pé ọ̀bẹ ìbá bà á jẹ́ pátápátá, ó mọ̀ pé òun ló gba aṣọ náà là. Síbẹ̀ ọwọ́ òun tó ṣèlérí náà ló ń tú u ká yìí. Ó dùn ún wọ egungun, kò sì lè jẹun nílé wọn.

Ó to fọ́nrán ní méjì méjì bí gígùn wọn ti rí, mọ́kàndínlógún síhìn-ín, mọ́kàndínlógún sọ́hùn-ún. Ó ku ẹyọ kan. Ọdẹkúnlé wo Àbíkẹ́, Àbíkẹ́ wo Ọdẹkúnlé, ìjà tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Lìádì ní, "Èyí kì í ṣe ti bàbá yín. Ti ìyá mi ni." Ó wá ròyìn bó ṣe jẹ́ fún wọn.

Bàbá Èṣùbíyìí mú fọ́nrán náà, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní, "Gbà á. Ìwọ náà jogún ọ̀rẹ́ rẹ." Lìádì ká a sínú àpótí rẹ̀. Àbíkẹ́ di ẹrù tirẹ̀, ó gba ọ̀nà Akínyẹlé lọ, ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní í tẹ agbo ilé náà mọ́.

Láàárín ọdún yẹn ni ojú Lìádì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó kọ́kọ́ rò pé èéfín ni. Nígbà tó yá, ihò abẹ́rẹ́ di ohun tó ń wá tìtì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí aránṣọ tí kò ríran, kí ló kù tó jẹ́? Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé fìlà rẹ̀, ó bá abẹ́rẹ́ mẹ́wàá tí òwú ti wà lójú wọn, tí a gún sára rẹ̀ yíká. Mùjíbátù ti lọ sóko. Lọ́jọ́ kejì ó tún bá mẹ́wàá mìíràn. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀, òun náà kò béèrè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é lọ.

Kò tó ọdún kan lẹ́yìn ìpín ogún náà ni Títíladé, ìyàwó Ọdẹkúnlé, bí ọmọkùnrin. Òun ni ọkùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ bí sí agbo ilé lẹ́yìn ikú bàbá, kò sì sí pé à ń wá orúkọ kiri. Babátúndé ni. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Bàbá Èṣùbíyìí gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀." Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ kí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà náà wá yíjú sí Ọdẹkúnlé.

Ó ní, "Bàbá rẹ dé. Ọ̀nà ló ṣì wà tí ẹ fi pín ẹrù rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó wọ̀?"

Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín, àfi Ọdẹkúnlé. Ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tó dùn ún. Ó wo ọmọ inú ọwọ́ àgbà náà, ó ń rántí ọ̀bẹ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti dọ̀bálẹ̀ níwájú Lìádì. Ó ní kí wọ́n bá òun bẹ ẹ̀wù náà kó padà. Lìádì ní ẹ̀wù kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kí ó lọ kó ti ìdí rẹ̀ wá ná. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹnì kan ti fi fọ́nrán tirẹ̀ kọ́ ìbọn, obìnrin ilé kan ti fi méjì ṣe òṣùká omi, àbúrò tó kéré jù sì ti fi ọ̀kan so ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà sì ti jẹ etí rẹ̀ kan. Wọ́n kó wọn jọ tìtìjútìtìjú. Mùjíbátù fọ̀ wọ́n, Lìádì dí ojú ibi tó ya, mọ́kàndínlógún sì pé.

Ó ku ti Àbíkẹ́. Ọdẹkúnlé ní òun yóò rán ènìyàn sí i. Lìádì ní rárá, òun fúnra òun ni yóò lọ. Ó mú ọ̀pá, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Akínyẹlé, ó ń fi ọ̀pá wá ojú ọ̀nà ní ibi tí òjìji bá ti bò ó.

Àbíkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi fún un, ó ṣe é lálejò dáadáa. Ṣùgbọ́n bó ti dárúkọ ẹ̀wù, ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tú u, Bàbá."

Lìádì ní, "Èmi ni. Mo sì ti sọ fún bàbá rẹ pé kò ní í túká. Ojú mi ń lọ, Àbíkẹ́. Bí n kò bá so ó pọ̀ nísinsìnyí, n kò ní í lè so ó pọ̀ mọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àbíkẹ́ wò ó, ó wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ẹrù tó gbé jáde, bí ó ti dì í lọ́jọ́ ìpín ogún náà ló wà. Kò tú kókó rẹ̀ rí. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló ń gbé e sí.

Ó béèrè pé, "Ṣé Ọdẹkúnlé ló máa wọ̀ ọ́?"

"Bàbá yín ló máa wọ̀ ọ́," ni Lìádì wí, ó sì sọ fún un pé ọmọ ti dé. Àbíkẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí ni àwọn ń jókòó ṣe nígbà náà. Ó gbé ẹrù sórí, ó di ọwọ́ Lìádì mú, wọ́n jọ gba ọ̀nà Ìrókò.

Ọdẹkúnlé ti rò pé wọn yóò gé aṣọ náà kéékèèké kí ó lè bá ọmọ mu. Lìádì kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, fọ́nrán mọ́kànlá ló kọ́kọ́ so pọ̀, ó ká gígùn wọn sínú, ó gán an, ó sì di ẹ̀wù ọmọdé. Ó ní lọ́dọọdún, bí ọdún Ògún bá ku díẹ̀, òun yóò tú etí rẹ̀, òun yóò fi fọ́nrán méjì tàbí mẹ́ta kún un, òun yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ náà bá ti gùn tó. Ẹ̀wù náà yóò máa dàgbà pẹ̀lú olówó rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àbíkẹ́ ló ń pa fọ́nrán tó kù mọ́, nítorí náà lọ́dọọdún ni yóò ti Akínyẹlé dé, tí òun àti Ọdẹkúnlé yóò jọ jẹun, tí wọn yóò jọ máa bá ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó tún ti ga. Bí ojú Lìádì sì ti ń ṣú sí i, ó ń kọ́ Àbíkẹ́ níṣẹ́. Àwọn ọkùnrin ìlú ní irú èwo nìyí, obìnrin tó ń rán etù? Lìádì ní abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nígbà tí ọmọ náà fi pé ọdún mẹ́jọ, ìmọ́lẹ̀ ti kúrò lójú aránṣọ pátápátá. Àbíkẹ́ ń rán, òun ń jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀lé ojú rírán, bó bá sì kan ibi tí kò dọ́gba, á ní kí ó tú u.

Ọdún tí Babátúndé pé mẹ́rìnlá, gbogbo fọ́nrán ti wọlé tán. Ààyè kan ló ṣófo, níbi àyà òsì. Lìádì ní kí wọ́n gbé àpótí òun wá. Mùjíbátù rọra bi í bóyá ó dá a lójú, nítorí kò sí nǹkan mìíràn tó kù nínú ohun ìní ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi ti fún un kí n tó jogún rẹ̀."

Kò jẹ́ kí Àbíkẹ́ bá òun rán èyí. Mùjíbátù fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ó fi lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà tó kí ìrun ọ̀sán títí di Alásárì ló fi wà lórí ẹ̀. Ìka rẹ̀ ń bá kókó kéékèèké pàdé lára òwú fọ́nrán náà, ó sì rántí pé ojú ìyá òun náà ti ń ṣú nígbà tó ń ran án. Kò tíì ronú kàn án rí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ó nu ojú rẹ̀, ó tún ń rán lọ. Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ ra gbogbo ẹ̀wù náà láti èjìká dé etí ìsàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e fún olówó rẹ̀.

Ọmọ náà wọ̀ ọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Lìádì jókòó síwájú ilé, ó fetí sílẹ̀. Ó gbọ́ aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀, ó gbọ́ apá ẹ̀wù nígbà tó bá èjìká. Ohùn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti ọkùnrin wá dún lójúde.

"Aránṣọ, iṣẹ́ yín ń kọjá lọ o."

Àbíkẹ́ ló ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Aránṣọ na ọwọ́ síhà ibi tí ohùn náà ti wá.

Ó ní, "Ògúntúyì, mo purọ́ fún ọ. Ó túká. Ṣùgbọ́n mo ti so ó pọ̀."

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọsẹ̀, ó ní, "Ó gùn jù mí, Bàbá."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Lìádì wí. "O máa bá a."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó nawọ́ mú fìlà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mẹ́wàá wà lára rẹ̀, òwú wà lójú gbogbo wọn. Kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nílẹ̀ mọ́. Ó yọ ọ̀kan, ó pe Mùjíbátù tó ti gbé agbọ̀n láti lọ sóko, ó ní kí ó jókòó ti òun. Ó wá etí ìró rẹ̀ kàn, ó tú kókó tó wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gán an.